Orí Ẹran Ni Yóò Gbà Lọ

Bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ ní Bẹ́yẹrúnká, àwọn ará agbo ilé Alápò kì í pẹ́ débẹ̀. Ẹni tó ń jẹun á gbé àwo dání jáde, ẹni tó ń wẹ̀ á ró táwẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú ọṣẹ lójú, kálukú á ti dá sí ọ̀rọ̀ kó tó bèèrè ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wárápá bá gbé Karimat ṣánlẹ̀ ní àgbàlá, àwọn onílàjà yìí náà á fọ́n ká. Àwọn ìyá á fa ọmọ wọn wọlé. Ẹni tó láyà jù nínú wọn á dúró lókèèrè, á káwọ́ lérí, á máa ké pé, “Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Ẹ má jẹ́ kí ìfófòó ẹnu ẹ̀ ta sí yín lára!” Wọ́n ní ẹni tó bá fara kan ìfófòó ẹlẹ́wárápá ti kó o nìyẹn. Wọ́n bá ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu àwọn àgbà ni, kò sì sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò nínú wọn.

Kúbúrá nìkan ni kì í sá. Òun ni àkọ́bí Àtọ́kẹ́ tó ń ta ike l'Ọ́jà'ba, Karimat sì ni àbíkẹ́yìn. Àwọn tó wà láàárín wọn ò dúró. Kúbúrá ti ń lọ sí ilé ìwé girama nígbà tí wọ́n bí Karimat, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ náà sì gbé dàgbà ju ẹ̀yìn ìyá wọn lọ, nítorí ọjà kì í dúró de ẹni tó ń tọ́mọ. Bí wárápá bá ti dé, Kúbúrá á kúnlẹ̀ ti ọmọ, á ká ìborùn sábẹ́ orí rẹ̀, á yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí itọ́ má baà há a lọ́fun, á fi ọwọ́ nu ẹnu rẹ̀, á sì máa sọ sí i létí pé, “Mo wà níbí. Mo wà níbí.” Ọwọ́ yìí náà ló fi ń jẹun. Ó ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ láti kékeré títí ó fi tó ẹni tí ń relé ọkọ, kò sì sí ohun tó ṣe é. Àwọn ará ilé ń rí i, wọn ò gbà gbọ́ náà ni. Nígbà tó sú Kúbúrá, ó lọ bá Ìyá Muhydeen tó ń gbé yàrá ọ̀kánkán, tó máa ń bá wọn ṣọ́ Karimat bí kò bá sí ẹnì kan nílé. Ó ní, “Ìyá Muhydeen, bí ẹ ò bá lè fọwọ́ kàn án, mi ò bínú. Ẹ ṣáà máa wo aago. Bó bá ti lé ní ìṣẹ́jú márùn-ún tí kò dáwọ́ dúró, ẹ pè mí, kí ẹ sì wá mọ́tò.” Ìyá Muhydeen ní òun gbọ́.

Ní ti Àtọ́kẹ́, àdúrà lòun fi ń jà. Bó bá ti kí ìrun àsùbáà tán, á gbọ́wọ́ lé Karimat lórí níbi tó sùn sí, á ní, “Àìsàn yìí, ìwọ kọ́ lo ni ín. Orí ẹran ni yóò gbà lọ. Ẹran ni yóò máa ṣe, kò ní í ṣe ọmọ mi mọ́, láṣẹ Ọlọ́hun.” Ta ni kì í gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Ìbàdàn? Èèyàn á lá àlá burúkú, wọ́n á ní ẹran ni yóò kú dípò rẹ̀, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á lọ jẹun. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè ẹran wo. À ń ṣe é bí ẹni pé ẹran kan wà níbì kan tí kò ní ìyá.

Láti ààwẹ̀ èṣí ni wárápá ti fi Karimat lọ́rùn sílẹ̀. Àtọ́kẹ́ ní àdúrà òun ló gbà. Kúbúrá ò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé hóró oògùn kékeré kan tí dókítà kọ fún ọmọ náà, tí òun fúnra òun ń fún un láàárọ̀ àti lálẹ́, ló so àìsàn náà mọ́lẹ̀. Oògùn náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Karimat tó ń ké Kùránì wìrìwìrì tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ. Ó ń tòògbé ní kíláàsì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Ìyá Arúgbó. Ó ń rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n Kúbúrá mọ ẹ̀rín tó dénú àti èyí tí kò dénú.

Ìdí nìyẹn tí Kúbúrá fi yan iṣẹ́ tó yàn ní yunifásítì. Ìmọ̀ oògùn ló kọ́. Nígbà tó tó àsìkò láti ṣe ìwádìí fún oyè kejì, ó ní òun fẹ́ wo ewé kan tí àwọn ìyá àgbà máa ń sè fún ọmọ tí gìrì ń ṣe, bóyá ó lè dá wárápá dúró láìsọ ọmọ di ọ̀dẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládiípọ̀, ọ̀gá rẹ̀, gbà fún un. Ṣùgbọ́n a kì í wo ẹni tí kò ṣàìsàn. Kí èèyàn tó mọ̀ bóyá ewé lè lé wárápá, wárápá ní láti kọ́kọ́ wà ńlẹ̀. Nítorí náà ni Kúbúrá ṣe ń fún àwọn eku funfun ní abẹ́rẹ́ tí yóò gbé wárápá dìde sí wọn lára. Àwọn kan ti mu omi ewé kí abẹ́rẹ́ tó wọlé. Àwọn kan ti lo oògùn òyìnbó. Àwọn kan kò sì rí nǹkan kan gbà ju omi lásán lọ, kí a lè rí ohun tí a ó fi àwọn yòókù wé. Àwọn olómi lásán yìí ni tiwọn máa ń burú jù.

Kò sọ gbogbo èyí nílé. Ohun tó sọ ni pé, “Mò ń ṣe oògùn.” Ó tó wọn. Àtọ́kẹ́ ń fi yangàn l'Ọ́jà'ba, ó ń sọ fún àwọn tó wá ra bọ́kẹ́ẹ̀tì pé ọmọ òun ló fẹ́ rí oògùn wárápá, bí wọn ò tilẹ̀ bi í.

Ọjọ́ Sátidé kan báyìí, Àtọ́kẹ́ ti lọ sọ́jà, Ìyá Muhydeen sì ti rìnrìn àjò lọ sí Ìsẹ́yìn. Kúbúrá ò fẹ́ fi Karimat nìkan sílẹ̀, ló bá mú un dání lọ síbi iṣẹ́. Ó fi í jókòó sọ́dọ̀ Daniel, ẹni tó ń tọ́jú àwọn ẹran ibẹ̀. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni Daniel, ó sì ní tirẹ̀ lọ́tọ̀: kì í wọlé àwọn eku láìkí wọn pé ẹ káàárọ̀ o, bí ọjọ́ bá sì pé tí wọ́n fẹ́ pa wọ́n, á gba àyè, á jáde lọ. Á ní iṣẹ́ òun ni láti bọ́ wọn, òun kì í bá wọn dé òpin. Ó fún Karimat ní bisikíìtì, ó gbé àwọn ọmọ eku tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí hàn án, pupa fòò, tí wọn ò tíì lajú. Kúbúrá ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti yàrá kejì.

Iṣẹ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Eku kan nínú àwọn olómi lásán wà nínú àpótí gíláàsì lórí tábìlì, abẹ́rẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára. Ó kọ́kọ́ dúró bí ẹni tó ń ronú. Lẹ́yìn náà ó wó lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìrù rẹ̀ le gan-an, ọrùn rẹ̀ ń fà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lu ilẹ̀ kíkankíkan, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀. Kúbúrá jókòó tì í, ó di aago mú lọ́wọ́ kan, ó di bírò mú lọ́wọ́ kejì.

“Àǹtí mi, ẹ dì í mú!”

Karimat ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Omi ló wá bèèrè. Kò fojú ara rẹ̀ rí wárápá rí, nítorí ẹni tó ń ṣe kì í rí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tó fi ń wo eku náà fi hàn pé kò nílò ẹni tó máa ṣàlàyé rẹ̀ fún un.

“Karimat, padà sọ́dọ̀ Daniel.”

“Ẹ fi nǹkan sí i lábẹ́ orí! Àǹtí mi, ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́!”

“Mo ní kí o padà.”

Kò padà. Kúbúrá náà ò dìde. Bó bá fọwọ́ kan eku náà, ohun tó ń kọ sílẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn, eku náà á sì ti jìyà gbé. Ó mọ èyí bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Ó jókòó, ó ń wo aago, àbúrò rẹ̀ sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wò ó. Nígbà tí ẹsẹ̀ eku náà dáwọ́ dúró, Kúbúrá kọ ohun tó fẹ́ kọ. Ó bojú wẹ̀yìn, kò bá ẹnì kankan lẹ́nu ọ̀nà mọ́.

Nínú ọkọ̀ Míkírà tó ń gbé wọn bọ̀ ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀, Karimat ń wo ìta lójú fèrèsé títí wọ́n fi kọjá Mọ́kọ́lá. Kúbúrá ti ń múra de ẹkún rẹ̀. Ẹkún ò wá.

“Àǹtí mi, ta ló fún àwọn eku yẹn ní wárápá?”

“Èmi ni.”

“Ẹ̀yin?”

“Wo ojú mi. Oògùn tí ò ń lò yìí, kí ó tó dé ọwọ́ rẹ, ara eku ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò. Bí kò bá sí wọn, ọmọ ẹnì kan ni ì bá jẹ́. Ṣé ó yé ọ?”

Karimat mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. “Ìgbà wo lẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn?”

“Láti ìgbà ààwẹ̀.”

“Ààwẹ̀ èṣí?”

“Òun ni.”

Ọmọ náà ò bèèrè nǹkan mìíràn. Inú Kúbúrá dùn pé ó gbé e bí àgbà. Ó fà á mọ́ra, ó ra gúgúrú fún un nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́ ọmọ rí, ẹ ó mọ̀ pé ìgbà tí ọmọ bá dákẹ́ kọ́ ni ọ̀rọ̀ ń tán.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, Kúbúrá lọ bá ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn olómi lásán yìí, ṣé kò sí bí a ṣe lè dín wọn kù sí i?” Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládiípọ̀ yọ awò ojú rẹ̀. Kì í ṣe ìkà ènìyàn. Ó ní, “A ti dín wọn kù dé ibi tó ṣeé dín in kù dé. Bí wọ́n bá kéré ju báyìí lọ, àbájáde wa ò ní í ṣeé gbára lé, a jẹ́ pé a jẹ wọ́n níyà lásán nìyẹn. Kúbúrá, ó ń dun èmi náà. Ọjọ́ tí kò bá dùn ọ́ mọ́ ni kí o bá mi kúrò níbí. Ṣùgbọ́n ọmọ ta lo fẹ́ ká kọ́kọ́ fi dán an wò?” Ìbéèrè náà kì í ṣe ẹ̀gàn, òótọ́ ni, kò sì tíì sí ẹni tó dáhùn rẹ̀ dáadáa títí dòní.

Nílé, Karimat bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tó ya ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Àtọ́kẹ́ gbọ́wọ́ lé e lórí, ọmọ náà la ojú, ó di ọwọ́ náà mú.

“Màámi, ẹ má gba àdúrà yẹn mọ́.”

“Èwo nínú ẹ̀?”

“Ti orí ẹran.”

“Kí ni ẹran fẹ́ fi orí ṣe?” Àtọ́kẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó sọ ọ́ fún Kúbúrá níbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́, ó ní, “Àbúrò ẹ ti di alágbàwí ẹran. Ká wá wo bó ṣe máa ṣe lọ́jọ́ Iléyá.” Kúbúrá náà rẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín, Karimat sì ń wò wọ́n láti ẹnu ìlẹ̀kùn. Ohun tó yẹ kí Kúbúrá gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn, kò gbọ́ ọ. Ó kàwé, ó lóye, ó sì fẹ́ràn ọmọ náà ju ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ, síbẹ̀ kò gbọ́ ọ.

Láàárọ̀ àti lálẹ́, ó ń fún Karimat ní oògùn. Karimat ń gbà á, ó ń mu omi lé e, ó ń ní ẹ ṣeun. Ara rẹ̀ ń jí sí i. Kò tòògbé mọ́. Ó ké súrà gígùn kan lórí láìdúró, àwọn àgbà ilé pàtẹ́wọ́ fún un. Àtọ́kẹ́ ní ara ọmọ òun ti ń mókun. Kúbúrá rò pé oògùn náà ti bá a lára mu ni.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni fóònù dún níbi iṣẹ́. Ìyá Muhydeen ni. “Kúbúrá, máa bọ̀ o! Ó ti gbé e! Ó ti kọjá márùn-ún tí o wí! Mo ti rán wọn lọ wá mọ́tò!”

Kúbúrá ò bọ́ aṣọ funfun tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀kadà ló gùn, ó ń lu ọlọ́kadà lẹ́yìn bí ẹni tó gun ẹṣin. Nígbà tó sáré wọ àgbàlá ilé Alápò, mọ́tò ò tíì dé. Karimat wà nílẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà, ara rẹ̀ le, ó rọ̀, ó tún le. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn níwájú orí rẹ̀ níbi tó ti fi kan sìmẹ́ńtì. Àwọn ará ilé yí i ká, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n dúró sí. Kò sẹ́ni tó kúnlẹ̀ tì í.

Ìyá Muhydeen ló súnmọ́ ọn jù. Ó dúró ṣánṣán, fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó tẹjú mọ́ aago. Kò gbójú kúrò lára aago náà. Ó ń ka ìṣẹ́jú sókè bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Èébú ti dé ọ̀fun Kúbúrá. Ó fẹ́ bi wọ́n pé irú èèyàn wo ni wọ́n, pé báwo ni èèyàn ṣe lè dúró kí ó máa wo aago nígbà tí ọmọ ọlọ́mọ ń kú lọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ta ló fẹ́ sọ ọ́ fún? Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ gọ́tà, ó bọ́ aṣọ funfun náà, ó ká a sábẹ́ orí àbúrò rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún kíkorò kí mọ́tò tó dé.

Dókítà gbà á lọ́wọ́ ikú. Ó pẹ́, abẹ́rẹ́ kan ò ṣe é, wọ́n fi òmíràn kún un, kí ara ọmọ náà tó rọlẹ̀. Dókítà pe Kúbúrá sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, “Oògùn kankan ò sí lára ọmọ yìí. Ó ti tó ìgbà díẹ̀ tó ti lò ó kẹ́yìn.” Kúbúrá ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, pé òun ni òun ń fún un.

Wọ́n sùn sí ọsibítù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Karimat ń sun oorun àsùnwọra, èémí rẹ̀ ń lọ geerege, Àtọ́kẹ́ jókòó tì í, tẹ̀sùbáà ń yí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládiípọ̀ pe Kúbúrá. Ó kọ́kọ́ bèèrè àlàáfíà ọmọ, ó ṣàdúrà fún un. Lẹ́yìn náà ó ní àárọ̀ yìí ni ọjọ́ ìkẹyìn àwọn eku náà pé, tí wọ́n ní láti yọ ọpọlọ wọn láti yẹ̀ ẹ́ wò. “Bí kò bá ṣeé ṣe fún ọ, mo mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n bí a bá jẹ́ kó kọjá òní, iṣẹ́ náà bàjẹ́. Àwọn tó ti kú á jẹ́ pé wọ́n kú lásán.”

Kúbúrá wo àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú báńdéèjì lórí. Ó rò ó pé kí òun jókòó. Ó rò ó pé bí òun bá jókòó, àwọn eku náà kò ní í yè, ọwọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n á bọ́ sí, tàbí kí wọ́n kú láìwúlò. Ó tún rò ó pé ewé náà ń ṣiṣẹ́, gbogbo ohun tí òun ti kọ sílẹ̀ ló fi hàn bẹ́ẹ̀, àti pé ọmọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yìí ni òun ń wá a fún. Ó dìde, ó ní, “Màámi, mò ń bọ̀.” Nígbà tó dé ibi iṣẹ́, Daniel ti ń gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó kí i, ó bèèrè Karimat, ó jáde lọ. Kúbúrá ti ìlẹ̀kùn, ó sì ṣe ohun tó ṣẹ́kù láti ṣe.

Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ títí awọ fi ń ta á kí ó tó padà sí ọsibítù. Karimat ti jí. Wọ́n ti fi ìrọ̀rí gbé e sókè díẹ̀, ojú rẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, ètè rẹ̀ gbẹ. Bó ṣe rí Kúbúrá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tó dénú.

“Àǹtí mi, ṣé ó ti kúrò lára wọn?”

“Lára àwọn ta ni?”

“Àwọn eku yẹn. Mo ti gbà á padà.”

Àtọ́kẹ́ wo Kúbúrá. Kúbúrá fara balẹ̀ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

“Màámi ní kó gba orí ẹran lọ,” ni Karimat wí, ohùn rẹ̀ fẹ́lẹ́. “Ó sì lọ lóòótọ́. Ìgbà ààwẹ̀ ló kúrò lára mi, ìgbà ààwẹ̀ náà lẹ sọ pé ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn. Tèmi lẹ gbé fún wọn. Mo wá rò ó pé èmi ní ẹ̀yin. Bó bá gbé mi, ẹ ó dì mí mú. Àwọn ò ní ẹnì kankan. Mo ní tí mi ò bá lo oògùn mọ́, á padà wálé. Abẹ́ ahọ́n ni mò ń fi í sí, tí ẹ bá ti jáde, màá tu ú dànù. Ẹ má bínú.”

Àtọ́kẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu.

Kúbúrá mọ ohun tí ọmọ náà ń fẹ́ gbọ́. Ó rọrùn. Bó bá lè ní, “Ó ti kúrò lára wọn, àbúrò mi, wọ́n ti gbádùn,” ọmọ náà á sùn tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbà pé ìyà òun ló gbà wọ́n, ìgbà wo ni yóò tún gbé oògùn mì? Á máa gbé wárápá náà rù fún wọn títí ọjọ́ tí yóò gbé e lọ. Irọ́ tó dùn ún sọ yìí lè pa á. Òótọ́ nìkan ló kù, òótọ́ náà ò sì ní ibì kankan tí èèyàn lè dì í mú tí kò ní í gé e lọ́wọ́.

“Karimat, gbọ́ mi dáadáa. Kì í ṣe tìrẹ ló wà lára wọn. Tìrẹ ò lọ síbì kankan, oògùn ló so ó mọ́lẹ̀ lára rẹ. Tiwọn, èmi ni mo fi abẹ́rẹ́ gbé e dìde sí wọn. Bí o bá lo oògùn, màá fún wọn. Bí o ò bá lò ó, màá fún wọn náà ni. Ìyà tí o jẹ lánàá yìí ò gba ẹyọ kan sílẹ̀ nínú wọn.”

Ẹ̀rín náà kúrò lójú ọmọ náà díẹ̀díẹ̀. “Ibo ni wọ́n wà báyìí?”

“Wọ́n ti kú.”

“Wárápá ló pa wọ́n?”

“Rárá. Èmi ni. Láàárọ̀ yìí.”

“Kúbúrá!” ni Àtọ́kẹ́ ké. “Ṣé orí ẹ pé? Ọmọ tó ń ṣàìsàn lò ń sọ èyí fún?”

“Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ, Màámi. Bí kò bá gbọ́ ọ, kò ní í lo oògùn.”

Nọ́ọ̀sì ti gbé oògùn sínú ìdérí kékeré kan lórí tábìlì. Kúbúrá mú un, ó nà án sí Karimat bó ṣe máa ń nà án láràárọ̀. Karimat wo ọwọ́ náà. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ tirẹ̀ sí ìyá rẹ̀. Àtọ́kẹ́ gba oògùn náà lọ́wọ́ Kúbúrá, ó fi í lé ọmọ náà lọ́wọ́, ó bu omi fún un.

Karimat ò tíì gbé e sẹ́nu. “Èyí tí mo rí lọ́jọ́ yẹn,” ó ní, “ṣé ó mọ̀ yín?”

Kúbúrá lè sọ pé eku ò mọ ènìyàn. Àwọn tó kàwé ju òun lọ ń sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀ òótọ́, ó ní láti bá a dé ìparí.

“Ó mọ̀ mí,” ó ní. “Ojoojúmọ́ ni mo máa ń gbé e dání kí ẹ̀rù mi má baà máa bà á. Láàárọ̀ yìí, nígbà tí mo ki ọwọ́ sínú ilé wọn, àwọn tó kù sá sẹ́yìn. Òun ló dá wá bá mi.”

Karimat gbé oògùn náà mì. Ó la ẹnu kí ìyá rẹ̀ lè rí i pé kò sí lábẹ́ ahọ́n. Ó wá kọjú sí ògiri, ó sì fa aṣọ bo orí.